Kì í ṣe ọ̀run kejì: orúkọ tó yẹ ayé inú ìwé Asimov

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ìjíròrò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tíì tán nílẹ̀, mo sì fẹ́ dá sí i láti Ilé-Ifẹ̀ níbí. Fún ẹni tí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìwé tí à ń sọ ni The Gods Themselves, ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí Isaac Asimov kọ, tó jáde ní 1972, tó sì gba ẹ̀bùn Hugo ní 1973. Àwa mélòó kan ń kà á pọ̀ níbí, a sì fẹ́ máa sọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa dí gbogbo àlàfo. Ibi tí gbogbo wa há sí ni orúkọ ayé kejì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní parallel universe. Bàbá wa kan kọ̀wé pé "ọ̀run kejì" ti tó, pé Yorùbá ti mọ̀ pé ayé ju ẹyọ kan lọ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, pé ẹ wo àbíkú, ẹ wo ẹgbẹ́ ọ̀run. Arábìnrin kan ní "ayé aláìpàdé", nítorí pé ìlà méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní parallel kì í pàdé láéláé. Ẹnì kan tún ní ká kàn pè é ní "ayé ọ̀tọ̀", ká lọ sùn.

"Ayé ẹ̀gbẹ́" ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, torí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé náà kò lè sọ ọ́ lórúkọ.

Onímọ̀ kẹ́míkà kan, Hallam, ní ìgò kan tí wọ́n kọ tungsten, orúkọ irin kan, sí lára. Lọ́jọ́ kan ó wò ó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá plutonium-186, irin mìíràn: nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹyọ tí à ń pè ní pírótọ́nì jẹ́ 94, èyí tí à ń pè ní niutírọ́nì jẹ́ 92 péré. Irú plutonium bẹ́ẹ̀ kò lè wà nínú ayé tiwa. Plutonium-239 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní niutírọ́nì 145. Ibi tí agbára tó so inú átọ́ọ̀mù pọ̀ ti le ju tiwa lọ nìkan ni 186 ti lè dúró, ibẹ̀ náà ló sì ti wá. Àwọn ará ibẹ̀ kó tungsten wa lọ, wọ́n fi èyí rọ́pò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè fara balẹ̀ mọ́. Ó ń tú pósítírọ́nì 20, ẹyọ tíntìntín tó jọ ẹlẹ́kítírọ́nì, sílẹ̀ títí yóò fi padà di tungsten, agbára sì ń jáde. Agbára ọ̀fẹ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́ pọ́ǹpù ẹlẹ́kítírọ́nì, ẹ̀rọ tó ń fa agbára náà, lé e lórí, Hallam di ọlọ́lá, gbogbo ayé ń tan iná láìsanwó. Ìgbà tó yá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Lamont, rí i pé kì í ṣe irin nìkan ló ń kọjá: òfin ìṣẹ̀dá ibẹ̀ ń rìn wá sọ́dọ̀ tiwa, tiwa ń rìn lọ sọ́dọ̀ wọn, oòrùn wa sì lè bú gbàù. Ó pariwo títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Lórí apá yìí, ohùn àwọn òǹkàwé wa ṣọ̀kan ju bí mo ṣe rò lọ. Bàbá kan tó ti fi físíìsì kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì gba ti Lamont tọkàntọkàn. Àwọn yòókù ní àwọn mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fa iná ọ̀fẹ́ wá sí Lágere lónìí, iná tí kì í lọ, kó wá di pé ẹlòmíràn ní ká pa á nítorí oòrùn, wọn yóò lé e jáde ní ìlú. Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìrànṣọ ní òun ni yóò ṣáájú àwọn tí yóò lé e.

Ó tán. Ẹ wo "ọ̀run kejì" báyìí. "Ayé lọjà, ọ̀run nilé": ọ̀run àti ayé kì í ṣe ojúgbà ara wọn. Ọ̀run ni a ti wá, ibẹ̀ ni a ó padà sí, ibẹ̀ ni a ti kúnlẹ̀ yan ohun tí a yàn. Àbíkú ń lọ, ó ń bọ̀, ara rẹ̀ ló ń gbé kiri. Nínú ìwé Asimov, ẹnikẹ́ni kò kọjá. Òkú kò lọ síbẹ̀, ọmọ tuntun kò ti ibẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni kò ní ẹnìkejì níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Irin ló ń kọjá, àti àmì tí wọ́n há sára irin pẹlẹbẹ. Ìyá kan tó jókòó tì wá nígbà tí à ń jiyàn gbọ́ "ọ̀run kejì", ó béèrè bóyá ìwé wòlíì ni. Ìbéèrè yẹn ti dá ẹjọ́ náà fún mi, nítorí pé etí tó gbọ́ "ọ̀run kejì" yóò máa kà á lọ títí dé ọ̀run keje.

Ọ̀dọ́ kan gbé Ifẹ̀ lé e: Ifẹ̀ Oòdáyé, Ifẹ̀ Oòyèlagbò, kó tó wá di Ilé-Ifẹ̀ tí a wà yìí, ó ní ṣé ayé mẹ́ta kọ́ nìyẹn. Ó dùn létí, àmọ́ àwọn Ifẹ̀ wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ara wọn ni. Ìtàn sọ pé omíyalé ló pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, àwọn tó yè bọ́ ló tẹ èkejì dó. Ọ̀kan ti lọ kí èkejì tó dé. Nínú ìwé yìí, ayé méjèèjì wà lónìí, ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n sì ń fara ro ara wọn.

Fífara ro ara wọn yìí ló ba "ayé aláìpàdé" jẹ́. Bí wọn kò bá pàdé, ìtàn kò sí. Arábìnrin wa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ìṣirò, kò sì burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí parallel ti wá ní èdè Gíríìkì kò sọ̀rọ̀ àìpàdé rárá. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Asimov pàápàá gé e kù sí para, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun gbogbo: ayé náà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ìmọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ́kípẹ́kí: ayé ẹ̀gbẹ́, ará ẹ̀gbẹ́, ìmọ̀ ẹ̀gbẹ́. Yàrá méjì tó jọ ní ògiri kan ni mo ń rò: o kò rí aládùúgbò rẹ, àmọ́ bí ògiri bá lu, èéfín ọbẹ̀ rẹ̀ yóò bá ọ lórí ibùsùn.

Bí a bá ti ń sọ nípa lílu, ó ń dùn mí pé íntánẹ́ẹ̀tì ti gba "ayélujára" lọ. Ayé tó lu já sínú ara wọn! Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ìbá ti jókòó. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa, kò ṣeé gbà padà, àmọ́ "lujá" ṣì wà. Mo dábàá pé kí a máa pe ìkọjá láti ayé kan sí èkejì ní "ìlujá", kí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sì jẹ́ "ojú ìlujá". Hallam rí ojú ìlujá nínú ìgò. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi ta kò mí. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sí i. "Aye egbe": ayé ẹ̀gbẹ́ ni tàbí ayé ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń dá aṣọ? Ẹlòmíràn yóò kà á sí ayé ègbé, á rò pé ọ̀run àpáàdì la ń sọ. Ọlọ́dẹ yóò kà á sí egbé, oògùn tí í gbé ènìyàn kúrò níbi ewu, èyí tí kò jìnnà sí ìtàn náà púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni onílù yóò kà á sí ègbè orin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn mi kò ju pé kí a fi àmì sí i. Ẹni tó lè tẹ orúkọ plutonium láìṣì í, àmì ohùn méjì kò lè pa á.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ gbè mí lẹ́yìn níbí. Lamont bẹ Bronowski, onímọ̀ èdè kan tó ti tú èdè Etruria àtijọ́, pé kó bá òun túmọ̀ àmì orí irin. Wọ́n gbìyànjú títí, lọ́jọ́ kan lẹ́tà mẹ́rin dé láti ọ̀hún ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì í kọ: F-E-E-R. Wọ́n gbà pé "ẹ̀rù" ni ará ẹ̀gbẹ́ ń sọ. Báwo ni ká ṣe gbé èyí sọ ní Yorùbá? Ọ̀rọ̀ yìí la jókòó tì jù lọ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ka ìwé náà. Ẹnì kan ní ká kọ "Ẹ̀-R-R-Ù", kí àṣìkọ rẹ̀ lè hàn. Mo ní rárá. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí, tó ń fi irin há Yorùbá, kò ní mọ àmì ohùn, kò ní mọ ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà. "ERU" ni yóò há. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù, bí Bronowski ti rò. Ó lè jẹ́ ẹrù, nítorí pé wọ́n ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ ẹrú, ohun tí a ti dà níwájú pọ́ǹpù tí a kò lè pa mọ́. Ó lè jẹ́ èrú, ẹni tó bá sì ka bí Hallam ṣe gba ògo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún un kò ní jiyàn. Bí wọ́n bá sì ṣì í díẹ̀ sí i, eérú ni, ohun tí yóò kù bí oòrùn bá bú. Bronowski ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀ kan péré lọ́wọ́. Ti Yorùbá kì bá sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní tèmi o, ojú ìwé yẹn dára ní Yorùbá ju bó ṣe wà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ̀yin olùtumọ̀ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì ohùn sí i níbẹ̀.

Ẹnjiníà kan láàrin wa ń retí Hallam kejì nínú ayé ẹ̀gbẹ́, inú sì bí i pé kò rí i. Èrò tó gbé wá síbi ìtàn yìí yàtọ̀. Hugh Everett, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1957: pé nígbà tí nǹkan kékeré inú átọ́ọ̀mù bá lè ṣe báyìí tàbí bẹ́ẹ̀, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀, ayé a sì yà. Níbẹ̀ ni ìwọ kejì ti lè wà. Ìyẹn nílò orúkọ tirẹ̀, "ayé ẹlẹ́ka" ni mo rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún fi àkúnlẹ̀yàn túmọ̀ rẹ̀. Nílé Àjàlá, orí kan ni Afùwàpẹ́ gbé jáde, àwọn tí kò gbé ṣì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Ti Everett, gbogbo orí ló jáde.

Apá kejì ìwé náà, tó wà nínú ayé ẹ̀gbẹ́ gan-an, ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Nípa apá kẹta, inú òṣùpá, gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, n kò ní fi kún un. Ẹ̀dá apá kejì pín sí mẹ́ta: onírònú ni òsì, onímọ̀lára ni àárín, ẹni tó ń bímọ ni ọ̀tún. Ẹnì kan ní Yorùbá kò ní fi onírònú sí òsì. Àgbà kan dá a lóhùn pé ọwọ́ òsì ni Ògbóni fi ń kíra, ó sì fi kún un pé "Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta". Iyàn náà parí síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní láti pín akọ àti abo fún mẹ́ta wọ̀nyí, Asimov sì pe èyí tó ń bímọ, Tritt, ní akọ. Àwa ní "ó", kò yọ wá lẹ́nu. Wàhálà wa wà nínú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. "Òbí" kò gbé ìfẹ́ ọmọ tó ń ru Tritt jáde tó. "Abiyamọ" gbé e, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó bá a mu. Síbẹ̀, obìnrin ni etí wa gbọ́ nínú rẹ̀, Asimov kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Mọdákẹ́kẹ́ níbí, ní 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣáájú ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kò ní ṣeé rí fún Tritt. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju "abiyamọ" lọ, kó mú un wá, kó sì fi í sínú gbólóhùn kan kó tó fi ránṣẹ́. Ní ti "ọ̀run kejì", bàbá wa, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.