Omi àyà tó ń padà lẹ́yìn tí a fà á: ẹ yẹ páńkíríásì wò

Dókítà àyà: Omi àyà tó ń ti páńkíríásì (ẹ̀yà ara lẹ́yìn àpòlùkù tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ) wá, ara ẹni tó ti ń mu ọtí líle fún ọ̀pọ̀ ọdún la sábà máa ń bá a. Á máa húkọ́, á máa mí hẹlẹ, X-ray á fi omi hàn nínú àyà, apá òsì ló sì pọ̀ jù. Nílé wa níbí, ikọ́ ife la máa ń kọ́kọ́ fura sí, kò sì burú. Àmọ́ bí omi náà bá tún kún kíákíá, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò ikọ́ ife, ẹ má kàn kó oògùn oṣù mẹ́fà fún un. Ẹ fi omi náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò amylase, èròjà tó ń da oúnjẹ tó wà nínú omi páńkíríásì àti nínú itọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú kì í run; ohun tó ń tan dókítà jẹ nìyẹn.

Ọ̀nà tí omi páńkíríásì ń gbà ló ya. Bó bá ya níwájú, inú ikùn ni omi ń dà sí. Bó bá ya lẹ́yìn, á gba ihò tí ọ̀nà ọ̀fun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gbà kọjá, á gòkè wọ àyà.

Ará láàbù: Amylase inú ẹ̀jẹ̀ lè má ga púpọ̀. Ti inú omi àyà ni kí ẹ wò: ó sábà máa ń ju 1,000 U/L lọ dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá ní ó ti kọjá agbára òun, ẹ fi saline (omi iyọ̀) là á, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì rántí sọ èsì náà di púpọ̀ ní iye ìgbà tí ẹ fi là á. Ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ya, amylase itọ́ lè kún àyà, jẹjẹrẹ náà sì lè gbé e sókè. Nítorí náà, ẹ fi àyẹ̀wò lipase, èròjà páńkíríásì tó ń da ọ̀rá, kún un. Bí òun náà bá ga fíofío, páńkíríásì ni.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù: Ẹ má fa ju lítà 1.5 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ tàbí tí àyà ń fún un, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ̀dọ̀fóró tó ṣí lójijì lè kún fómi.

Dókítà àyà: MRCP, àwòrán MRI ti ọ̀nà omi páńkíríásì, ló ń fi ibi tó ya hàn. Lẹ́yìn náà, rọ́bà nínú àyà, octreotide (oògùn tó ń dín omi páńkíríásì kù), oúnjẹ tí kò gba inú àpòlùkù kọjá, àti ọtí tó dúró pátápátá. Bí kò bá gbẹ, a ó fi ERCP (ẹ̀rọ awòran tí a ń gba ẹnu kì bọ inú) ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ibi tó ya náà. Bí ọ̀nà ọ̀hún bá ti já, tàbí tí òkúta dí i tí rọ́bà kò lè kọjá, iṣẹ́ abẹ ló kù.