Ọkọ̀ àlòkù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pè padà: ṣé kí n rà á?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó san owó.

Mo rí ọkọ̀ àlòkù kan tó wù mí gan-an. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún pẹ̀lẹ́, ara rẹ̀ kò ní àbùkù, ìwé rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pe irú rẹ̀ padà, láti wá pààrọ̀ ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú airbag (àpò aṣọ tó máa ń wú jáde láti dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀, àti pé kò tíì sí ẹni tó gbé ọkọ̀ náà lọ fún àtúnṣe ọ̀hún. Ẹni tó ń tà á ní nǹkan kékeré ni. Ó ní ọdún kẹrin rèé tí òun ti ń wà á láìsí wàhálà, àti pé bí mo bá fẹ́, òun á yọ díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀ kí èmi fúnra mi lọ tún un ṣe. Ìyá mi ló máa ń jókòó sí àyè yẹn lójoojúmọ́. Ṣé kí n gba ẹ̀dínwó náà ni, àbí kí n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, fi í sílẹ̀. Mo ti ra irú rẹ̀ rí pẹ̀lú ìlérí pé ọjọ́ kan péré ni àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ohun èlò rẹ̀ kò tíì dé. Oṣù méje ni mo fi dúró, tí àwọn ọmọ mi ń fún ara wọn mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, nítorí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Bàbá Mẹkáníìkì

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ sì kú ìfaradà. Àmọ́ n kò ní sọ fún ọmọ yìí pé kó sá fún ọkọ̀ nítorí pé wọ́n pè é padà, torí pé kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí kò tíì pe ọkọ̀ padà rí. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni irú àléébù tí wọ́n torí rẹ̀ pè é.

Ọmọ mi, ti ìwọ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Agolo irin kan wà lẹ́yìn airbag, ẹ̀tù sì wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ẹ̀tù náà á jó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì kún inú àpò aṣọ náà kí ojú tó ṣẹ́. Nínú èyí tí Takata, ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń ṣe airbag fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ṣe, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonium nitrate ni wọ́n fi ṣe ẹ̀tù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní èròjà tí ń fa ọ̀rinrin kúrò. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá ẹ̀tù náà jà fún ọdún púpọ̀, á máa jó ju bó ṣe yẹ lọ, agolo irin náà á bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì la àpò aṣọ náà kọjá bí ọta ìbọn sí ojú àti ọrùn ẹni tó yẹ kó dáàbò bò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè padà, àwọn tó sì ti kú nípasẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lé ní 20. Ilé-iṣẹ́ náà wó ní ọdún 2017.

Ṣé o rí i báyìí pé ọdún mẹ́rin tí ọkùnrin yẹn fi wà á láìsí wàhálà kò jẹ́ ẹ̀rí kankan? Agolo náà kò ní ṣe nǹkan kan títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, bó sì ṣe ń pẹ́ sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Àwọn àléébù kan wà tí ènìyàn lè fi ọgbọ́n gbé títí àtúnṣe á fi dé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors pe ọkọ̀ padà ní 2014 nítorí ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ lè yí padà fúnra rẹ̀ lórí eré kí ẹ́ńjìnnì sì kú, wọ́n ní kí àwọn onímọ́tò yọ gbogbo ohun tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò, kó ṣẹ́ ku òun nìkan. Ti airbag kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, àfi kí àyè náà ṣófo.

Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e fún mẹkáníìkì àdúgbò, ìbáà ṣe èmi. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà yàn ni kó fọwọ́ kan ẹ̀tù yẹn.

Akọ̀wé

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ bàbá wa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe irú àtúnṣe yìí. Ara ọkọ̀ ni ẹ̀tọ́ náà so mọ́, kò so mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, nítorí náà ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin tó ni ín lè gbé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ibòmíràn fi iye ọdún sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 15 ni. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tí ẹni yẹn kò gbé e lọ láti ọdún mẹ́rin, tó sì fẹ́ fún ọ ní ẹ̀dínwó nítorí rẹ̀? Ohun tó fẹ́ fi ẹ̀dínwó náà gbé lé ọ lórí ni ewu àti ìdúró. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni lẹ́tà ìkìlọ̀ náà lọ, n kò fẹ́ pè é ní òpùrọ́.

Má rò pé òfin á gbà ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí oníṣòwò ta ọkọ̀ tuntun tí irú ìpè padà bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka àlòkù mọ́ ọn. Ìwọ ni kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ múlẹ̀: kí ó gbé ọkọ̀ náà lọ tún ṣe ní orúkọ ara rẹ̀, kí o tó san kọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì

Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ohun èlò kò sí, kí ó wá ọkọ̀ mìíràn lọ.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo pe àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà lónìí, mo sì ka nọ́ńbà náà fún wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ẹyọ kan, ìpè padà méjì ló wà lórí ọkọ̀ náà. Ìkejì jẹ́ ti okùn iná kan tí wọ́n lè yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. Ohun èlò méjèèjì wà nílẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé n kò fẹ́ ẹ̀dínwó, àtúnṣe ni mo fẹ́. Ó kọ́kọ́ bínú, àmọ́ nígbà tó ṣe, ó gbà pé kí a jọ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ni kí n fojú sílẹ̀ wò níbẹ̀?

Bàbá Mẹkáníìkì

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Kí ẹ tó lọ, bi í bóyá ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí, nítorí àwọn kan máa ń yọ airbag lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ fi sínú òmíràn, nọ́ńbà ṣáṣì kò sì lè fi ìyẹn hàn. Bí ó bá ti ní in, sọ fún àwọn tó fẹ́ tún un ṣe kí wọ́n ka nọ́ńbà ara agolo náà gan-an. Yí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ kí o sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù: iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ láti fi àléébù pamọ́.

Nígbà tí wọ́n bá parí, gba ìwé iṣẹ́ náà, kí o fi nọ́ńbà ṣáṣì tó wà lórí rẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣáṣì. Ohun tó bá jọ wọ́n, 1 tàbí 0 ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tún nọ́ńbà náà tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ìpè méjèèjì bá ti kúrò níbẹ̀ ni kí o san owó.