Tour du Rwanda ń bọ̀: báwo ni a ṣe lè tètè mọ ẹni tí yóò borí?

Ọmọ Ìkéré béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní Kigali lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ni mo ti ń ka ọjọ́ de Tour du Rwanda, ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tó ń yí ilẹ̀ Rwanda ká, tó sábà máa ń wáyé lóṣù Kejì ọdún. Ìkéré ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ tó ń gbé táyà wá lẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ orúkọ Biniam Girmay dáadáa, wọ́n mọ̀ pé òun ni ọmọ Eritrea tó gba ìpele mẹ́ta (ìpele ni eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan) àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù, nínú Tour de France ọdún 2024, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ó jọ máa tẹ̀lé ti Rwanda lórí fóònù mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ kẹjọ.

Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé, bí ẹnì kan bá ṣe ipò kìíní lónìí, tí ẹlòmíràn ṣe é lọ́la, báwo ni wọ́n ṣe ń yan ẹyọ ẹnì kan lọ́jọ́ ìparí? Mo ní àsìkò ni wọ́n ń rò pọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn, nítorí mo gbọ́ pé Chris Froome, ẹni tí wọ́n bí ní Kenya, gba Tour de France ọdún 2017 láìṣe ipò kìíní ní ìpele kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Ibo ló sì yẹ kí a tẹjú mọ́ jù?

Tíṣà Adó-Èkìtì:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kó àwọn ọmọ náà mọ́ra. Àlàyé rẹ tọ̀nà, ó kàn ku díẹ̀ kí ó kún ni: wọ́n ń ro àsìkò gbogbo ọjọ́ pọ̀, ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ohun tó sábà máa ń rú òǹwòran lójú ni pé gbogbo àwọn tó bá jọ dé nínú ọ̀wọ́ kan náà, ìbáà ṣe ọgọ́rin ènìyàn, àsìkò kan náà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó fi táyà kan ṣoṣo ṣáájú ọ̀wọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú gba iyì ọjọ́ náà, bóyá pẹ̀lú ẹ̀bùn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi odindi ìṣẹ́jú kan já àwọn yòókù sílẹ̀ lórí òkè ti gba ohun tí ó ṣòro láti gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Froome kò pàdánù púpọ̀ lórí òkè lọ́dún náà, ó sì jèrè lọ́jọ́ tí wọ́n sáré lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú dá gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n sì ń ka àsìkò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Lórí títẹ́jú, ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kò ní lo agbára tó ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti sá kúrò nínú ọ̀wọ́. Lórí òkè, eré dínkù, ẹ̀yìn ẹlòmíràn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró oníkálukú ló kù jù.

Ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè:

Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan tí wọ́n fi ń ru iṣu bọ̀ láti oko, bí wọ́n bá sì ti dé ẹsẹ̀ òkè wa yìí, wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a máa tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ní Rwanda ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ tó ru ọ̀dùnkún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà. Kigali fúnra rẹ̀ fi ohun tó lé ní 1,500 mítà ga ju òkun lọ, èémí kì í sì í tó ẹni tí kò bá tíì mọ́ lára. Bí wọ́n bá ti darí ìdíje gba Nyamirambo, àdúgbò kan ní Kigali, kí ẹ má ṣe gbójú kúrò lára fóònù o. Ibẹ̀ ni òkè tí wọ́n ń pè ní Mur de Kigali (Ògiri Kigali) wà: kò gùn tó ìdajì kìlómítà, ṣùgbọ́n ó dagun, òkúta ni wọ́n sì tò sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Èrò a máa pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọ̀nà a fún mọ́ àwọn tó ń gùn ún.

Ọmọbìnrin Ìkọ̀lé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìsọ̀kalẹ̀. Òjò lè rọ̀ ní Rwanda lásìkò náà, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù bíréèkì lórí ọ̀nà yíyọ̀ lè pàdánù gbogbo ohun tó jèrè lórí òkè.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ta ni yóò gbà á. Lẹ́yìn tí ìdíje náà wọ ètò UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, lọ́dún 2009, Valens Ndayisenga ni ọmọ Rwanda àkọ́kọ́ tó gbà á, lọ́dún 2014, ó sì tún gbà á lọ́dún 2016. Jean Bosco Nsengimana gba ti 2015, Joseph Areruya gba ti 2017, Samuel Mugisha gba ti 2018. Ọdún márùn-ún gbáko ni ọmọ onílẹ̀ fi gbà á léraléra! Ọdún 2019 ni wọ́n gbé ìdíje náà ga sí ìsọ̀rí UCI tí wọ́n ń pè ní 2.1, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá sì ń wá. Merhawi Kudus, ọmọ Eritrea tó wà nínú ẹgbẹ́ Astana nígbà náà, ló gbà á. Láti ìgbà náà títí dé 2025, tí Fabien Doubey ará Faransé gbà á, kò sí ọmọ Rwanda kankan tó tún borí. Èmi kò ka èyí sí ìfàsẹ́yìn, nítorí àwọn alátakò ti le ju ti àtijọ́ lọ; síbẹ̀, tọkàntọkàn ni mo fi ń fẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ tún wọ ẹ̀wù ìyeyè, ti ẹni tó ń ṣáájú, ní Kigali.

Ọmọ Ìkéré:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà, ó ti yé mi wàyí. Èmi yóò fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ni yóò sì máa kọ iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní alaalẹ́, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ọjọ́ tí òkè yí i padà. Ẹ̀gbọ́n Ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, Sátidé wo ló rọ̀ yín lọ́rùn kí n kó wọn wá gun òkè yín kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀?