Malbec ₦11,500 tí mo rà ní Wúsè, ṣé bó ṣe máa ń rí lẹ́nu nìyí?

ÌyáMọ́yọ̀_Gwarinpa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mu wáìnì pupa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi máa pé ogójì ọdún ní Sátidé tó ń bọ̀, a ò ṣe pátì ńlá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́jọ àtàwọn ìyàwó wọn ló ń bọ̀ wá jẹun nílé, mo wá sọ pé dípò bíà tá a máa ń rà ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ ká gbé wáìnì síwájú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Owó ọwọ́ mi ò gbé olówó gọbọi. Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Wúsè, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní kí n gbé Malbec, ó ní Ajẹntínà ló ti wá, ₦11,500 ìgò kan. Mo ra ẹyọ kan ká kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí n tó ra mẹ́fà.

Alẹ́ Tuesday la ṣí i. Àwọ̀ ẹ̀ wù mí gan-an, ó dúdú bíi zobo tí wọ́n sè pẹ́, etí ẹ̀ wá ń tàn bí àlùkò. Òórùn ẹ̀ náà dáa. Àmọ́ bí mo ṣe fi kan ẹnu báyìí, ó gbóná lọ́fun bí ògógóró, ó sì fa gbogbo ẹnu mi pọ̀ bí ìgbà téèyàn bá jẹ káṣú tí ò tíì pọ́n. Súyà la fi ń mu ún, ata súyà yẹn wá ń ta ju bó ṣe máa ń ta lọ. Ọkọ mi ní àyédèrú ni. Mo dé e padà, mo tì í sínú fíríìjì, mi ò rò ó mọ́.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé lálẹ́ àná mo gbé e jáde, mo ní kí n fi díẹ̀ se ọbẹ̀, mo tọ́ ọ wò, ọtí ọjọ́ Tuesday kọ́ nìyẹn mọ́ o. Ó ti rọ̀. Mo ń gbọ́ adùn kan bíi èso dinya tó pọ́n dáadáa nínú ẹ̀, tí mo bá wá gbé e mì, nǹkan tó jọ kòkó máa ń kù sí mi lẹ́nu. Ìgò kan náà! Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣé kí n ra mẹ́fà yẹn àbí kí n wá nǹkan míì? Oúnjẹ wo ló sì yẹ kí n gbé tì í?

Tádé_Jábí

Ẹ kú ilé, Àǹtí, ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n kú oríire ogójì ọdún. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ò jọ àyédèrú létí mi rárá. Mo ti ń bu wáìnì fún àlejò nílé oúnjẹ l'Ábújá níbí fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹjọ́ yìí kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ooru ló fa ìdajì ẹ̀, súyà ló fa ìyókù.

Àwọn òyìnbó máa ń kọ ọ́ pé kéèyàn mu wáìnì pupa ní room temperature, yàrá tiwọn ni wọ́n ń wí o, yàrá tó tutù. Nǹkan bíi 16 sí 18 dígíríì ni Malbec ti máa ń dùn. Yàrá tiwa lóṣù March tí iná bá ti lọ, ó lè lé ní 32. Wáìnì tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ọtí inú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sáré sí yín nímú, adùn èso inú ẹ̀ ò ní ráyè jáde. Ẹ wo ara ìgò yẹn dáadáa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí 13.5% tàbí 14% níbẹ̀, ọ̀pọ̀ bíà wa ò tó ìdajì ẹ̀. Torí náà ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àlejò tó jókòó, kó má ṣe sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí tó bá tún tutù jù, kíkorò ẹ̀ ló máa yọjú.

Ohun tó ń fa ẹnu yín pọ̀ yẹn, tannin ni wọ́n ń pè é, ara èèpo àti kóró àjàrà ló ti ń wá, irú ẹ̀ náà lẹ máa ń gbọ́ nínú tíì tó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á rọ̀. Ìgò yín ò rí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí i, ọjọ́ kejì ló tó rí i. Tẹ́ ẹ bá ní jọ́ọ̀gì gíláàsì tó mọ́, ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì ní wákàtí kan ṣáájú. Kẹ́ ẹ kàn yọ kọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ gbé ìgò kalẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan, ẹnu ìgò kéré jù.

Ó wá ku súyà. Àǹtí, ata àti ọtí tó le kì í gbé pọ̀, ọtí máa ń jẹ́ kí ata ta sí i ni. Ẹ lọ bá mai suya yín, kó bá yín ṣe balangu, ẹran àgbò tí wọ́n kàn fi iyọ̀ díẹ̀ yan, kó di yaji, ata súyà yẹn, lọ́tọ̀ sínú bébà, ẹni tó bá fẹ́ á fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú. Ọ̀rá àgbò yẹn ló máa bá yín tu tannin lójú. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

ỌmọỌ̀fà_ní_Jos

Gbogbo ohun tí Tádé sọ ni mo fọwọ́ sí, àfi ti súyà, torí èmi máa ń fi súyà mu ún tí ata ẹ̀ ò bá ti pọ̀, kuli-kuli inú yaji yẹn gan-an bá a mu lẹ́nu mi.

Malbec ni wáìnì tí mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é ni Malbec, wọn ò sì bí àjàrà náà sí Ajẹntínà. Ilẹ̀ Faransé ni ilé ẹ̀, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Cahors, Côt ló ń jẹ́ níbẹ̀, àwọn ará Bordeaux náà sì máa ń pò ó mọ́ tiwọn. Ọdún 1853 ni ọmọ Faransé kan tó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn, Michel Aimé Pouget, gbìn ín sí Mendoza ní Ajẹntínà, Sarmiento tó padà di ààrẹ Ajẹntínà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ Malbec ní 17 April lọ́dọọdún. Òtútù wá dé lọ́dún 1956, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà Cahors lọ́hùn-ún, èyí tó lọ sí ìdálẹ̀ ló wá gbilẹ̀, lónìí téèyàn bá pe Malbec, Ajẹntínà ló ń wá sí gbogbo ayé lọ́kàn. Èmi tí wọ́n bí ní Ọ̀fà tí mo wá dàgbà sí Jos, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọ̀ mí lára.

Mendoza náà wà lórí ilẹ̀ gíga bíi Jos wa yìí, ẹsẹ̀ òkè Andes ló wà, àwọn oko àjàrà kan níbẹ̀ ga ju 1,000 mítà lọ. Ọ̀sán ń mú oòrùn, òru ń tutù, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, omi yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè ni wọ́n ń fà wọ oko. Èso á pọ́n dáadáa lójú oòrùn, òtútù òru ò ní jẹ́ kí kíkan inú ẹ̀ lọ tán, ẹ̀yin náà ẹ wo adùn strawberry Jos kẹ́ ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń kọ mí lóminú. Mo ti ra ìgò kan rí níbì kan l'Ábújá, wọ́n tò ó sí ojú fèrèsé káwọn èèyàn lè máa rí i láti ìta, oòrùn ń pa á látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà tí mo ṣí i, ńṣe ló ń rùn bí èso tí wọ́n sè jinná. Àǹtí, ẹ fọwọ́ kan ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá gbóná ẹ fi sílẹ̀. Tí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè tàbí tí wáìnì ti jò sí ọrùn ìgò, ẹ fi sílẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC náà ńkọ́? Ẹ wo ọdún tí wọ́n kórè ẹ̀ pẹ̀lú, Malbec olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe nǹkan à ń tọ́jú, bó bá ṣe ń tètè délé wa ló ń dáa. Trapiche àti Trivento lèmi máa ń rà tówó ò bá pọ̀, ọwọ́ Trivento rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ju Trapiche lọ, bó ṣe rí lẹ́nu mi nìyẹn.

BàbáKàdúná

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá Mọ́yọ̀, mo bá yín yọ̀. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, nǹkan kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ ti sọ̀rọ̀ wáìnì tán, kò sẹ́ni tó béèrè àwọn tó ń bọ̀ wá mu ún. Lọ́dún kan èmi àti ìyàwó mi ra irú wáìnì yìí fún Kérésì, kì í ṣe owó kékeré la ná, nígbà táwọn àlejò lọ tán, gíláàsì tó kún la kó lórí tábìlì. Ó dùn wá. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti pe wáìnì, èyí tó dùn bí ṣúgà là ń retí. Malbec yìí, dry ni, ṣúgà inú àjàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọtí tán. Ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó bù ú fún wọn, kí ẹnu wọn ti mọ ohun tó ń bọ̀. Dípò mẹ́fà, ẹ ra mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi méjì tó dùn kún un. Ìgò kan máa ń kún gíláàsì márùn-ún, ó máa kárí.

Ẹ sì se zobo sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó sí i, kẹ́ ẹ gbé e sínú jọ́ọ̀gì tó dáa bíi ti wáìnì. Ọdún 1987 ni mo ti wà ní Kàdúná, a kì í pe èèyàn wá jẹun níbí kí Mùsùlùmí tó wà láàárín wọn máa mu omi lásán.

ÌyáMọ́yọ̀_Gwarinpa

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yẹn, mo kọjá níwájú ẹ̀ ní Thursday, mo rí àwọn ìgò yẹn lẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, àyà mi já. Ibì kan ní Utako ni mo ti rà á, ₦12,800, AC ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgò náà tutù lọ́wọ́. Mẹ́rin ni mo rà, pẹ̀lú méjì tó dùn bí Bàbá ṣe wí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ mo ti da méjì sínú jọ́ọ̀gì, mo gbé jọ́ọ̀gì yẹn sí fíríìjì nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n dé.

Ọkọ mi mu ti ẹ̀, ó wò mí, ó ní ṣé irú ọtí ọjọ́ Tuesday yẹn nìyí. Ó tún ní kí n bu sí i. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ní òun ò lè mu nǹkan tí ò dùn mu gíláàsì méjì, ẹran àgbò ló fi ń mu ún. Ọkùnrin méjì ò fẹ́ ẹ rárá, wọ́n ní ó ṣì ń fa àwọn lẹ́nu, wọ́n gba èyí tó dùn, kò sí wàhálà. Balangu tán kí jọlọ́ọ̀fù tó jáde, zobo náà ò ṣẹ́kù. Tádé, ìgò kan ṣì wà tá a mu dé ìdajì, mo ti dé e pa. Ọjọ́ mélòó ló lè lò?

Tádé_Jábí

Inú mi dùn dénú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó wà ní fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta, kó má kọjá márùn-ún. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, lálẹ́ òní ni mo máa mu ún, ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ ní ó dùn jù yẹn la wà yìí.