Ibi ìkówèésí àti ìjókòó abẹ́ fèrèsé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Táńkè, Ìlọrin níbí ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kan ibi ìkówèésí mọ́ ògiri pálọ̀ lọ́tùn-ún lósì fèrèsé, láti ilẹ̀ dé àjà, kí n sì ṣe ìjókòó onípákó sábẹ́ fèrèsé náà, kó ga tó ínǹṣì 18, kó ní ìdérí téèyàn lè ṣí kó nǹkan sí.

Káfíńtà ní kí n lo MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, pé ó dán, kò sì wọ́n. Ọkàn mi ò gbà á. Bí òjò bá fi atẹ́gùn rọ̀, omi máa ń gba ojú irin fèrèsé yẹn wọlé, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí. MDF tó bá sì mumi, wíwú ló máa wú. Ká má tíì sọ ti ikán! Ṣé ọ̀gánwó ni kí n rà? Ìrókò ju agbára mi lọ.

Ìwé òfin ọkọ mi ló ń bà mí lẹ́rù jù, wọ́n wúwo bí òkúta. Pákó oní-ínǹṣì kan, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló lè gùn kó tó tẹ̀ láàárín? Èmi rò ó sí 3, káfíńtà ní 5 náà ò burú. Ṣé kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, àbí ká fi àlàfo sílẹ̀ fún atẹ́gùn? Báwo lẹ sì ṣe ń dá pákó tó gbẹ dáadáa mọ̀ ní sọ́míìlì, kí ọyẹ́ má baà là á?

Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò hàn mí. Ẹ má ní kí n lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù o, ọmọ mi obìnrin ti yan igun tó máa jókòó sí.