Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ tẹ̀tẹ̀ mi: dóńgóyárò ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi, àbọ̀ rèé. Mo béèrè ohun tí mo lè fín sí tẹ̀tẹ̀ àti ilá mi lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láì ra oògùn apakòkòrò, nítorí kòkòrò tó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ pọ̀, tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Ọ̀pọ̀ yín ní kí n lo dóńgóyárò. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Hóró inú èso rẹ̀ ni mo lò, kì í ṣe ewé, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Mo gún un, mo rẹ gíráàmù 50 sínú omi lítà 1 di ọjọ́ kejì, mo sẹ́ ẹ, mo wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fín in o, oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ má retí pé kòkòrò á kú lójú ẹsẹ̀: oúnjẹ ni kò ní lè jẹ mọ́, kò sì ní lè bọ́ awọ dàgbà. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ tún un fín.

Ìyá tó dámọ̀ràn eérú, ẹ kú àánú mi, mà. Mo wọ́n ọn sórí ilá láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fò lára ilá dín kù, àmọ́ wọn ò tán. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí kòkòrò bá ti ká pọ̀, ọwọ́ ni mo fi ń já a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa aláǹtakùn inú oko, kòkòrò ló ń jẹ.

Ìdáhùn yín ti tó mi.