Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn jẹjẹrẹ prostate, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71, jẹjẹrẹ prostate wọn sì ti dé inú egungun. Abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin kù kò ràn wọ́n mọ́. Dókítà ní docetaxel, oògùn chemo tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ló kàn, ẹ̀rù sì ń ba màmá mi: irun á re, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri.

Ni mo bá kà á pé wọ́n lè kó docetaxel yìí kan náà sínú hóró bíńtín tí ojú kò lè rí, kí wọ́n wá fi ohun tó ń lẹ̀ mọ́ PSMA sí i lára. Pùrótéènì ni PSMA, ó pọ̀ gan-an lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ prostate. Bíi lẹ́tà tó ní àdírẹ́sì ni mo ṣe rí i. Wọ́n dán ọ̀kan tó ń jẹ́ BIND-014 wò lára àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n gbèsè gbé ilé iṣẹ́ tó ṣe é dé kóòtù ní 2016.

Ṣé irú rẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ṣì ń dán wò? Oògùn lutetium tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022 ńkọ́? PSMA lòun náà ń wá, àmọ́ ìtànṣán ló ń gbé lọ, kì í ṣe chemo. Ta ni èèyàn rẹ̀ ti gbà á? Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń mú kí ẹnu gbẹ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àgbo. Àbúrò bàbá mi ti gbé ìgò mẹ́rin wá.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni a máa dá dókítà lóhùn.